Ìyá Àgbà Igún

Yàrá ìránṣọ, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ọjọ́rú, nírọ̀lẹ́.

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú òtútù òkè, mo kí ọ kú ẹ̀kọ́, mo sì kí ọ kú àárò ilé, bí àárò wa bá tiẹ̀ ń sọ ọ́. Ṣé ara rẹ le? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sùn? Mo mọ̀ ọ́ sí ẹni tí í gbàgbé oúnjẹ bí ó bá ti ń wo ẹyẹ, nítorí náà mo ń ti ibi tí mo wà yìí bẹ àwọn tí ẹ jọ wà ní àgọ́ ẹ̀kọ́ ẹyẹ yẹn pé kí wọ́n máa fi ipá bọ́ ọ. Àwa nílé ń bẹ láàyè. Orúnkún bàbá rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń han-run bí ọkọ àbúrò mi, kò sì sí ẹni tó ń ṣàìsàn nínú wa.

Fóònù rẹ kò wọlé rárá. Mo pè ọ́ títí, obìnrin inú fóònù tó máa ń sọ pé ẹni tí à ń pè kò sí nítòsí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rẹ́ mi. Mo tiẹ̀ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan pé mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Dírẹ́bà tó ń kó oúnjẹ lọ sí àgọ́ yín ní òun máa gbéra lọ́la ní ìdájí, ó sì ní kí n kàn fi ọ̀rọ̀ náà rán òun, òun á jíṣẹ́. Mo kọ̀. Kò yẹ kí o gbọ́ irú èyí lẹ́nu ẹni tí yóò máa já àpò oúnjẹ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Jọ̀wọ́, wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á síwájú.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ìyá àti bàbá ọmọ igún orí igi wa, lẹ́yìn ilé ìpẹran, ti kú, àwọn méjèèjì. Ọmọ náà ṣì wà láàyè bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bọ́ ọ. Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má dúró palẹ̀ ẹrù. Inú ọkọ̀ tó gbé e wá yìí kan náà ni kí o wọ̀ padà, kí o máa sáré bọ̀, bóyá wàá bá a.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí bí ó ṣe jẹ́, nítorí ìbéèrè niṣẹ́ rẹ. Nígbà tí àwọn tó ń fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ẹranko igbó lówó kọ̀wé sí ọ pé wọ́n ti mú ọ, o jó yí tábìlì mi ká títí o fi tẹ aṣọ oníbàárà mọ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, o sì ti búra pé o ò ní béèrè mọ́. Owó náà kò tó ohun tí mo lè fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn. Bàbá rẹ ní, “Nínú gbogbo ẹyẹ tí Ọlọ́run dá, ṣé apárí nìkan lọmọ mi rí yàn?” O wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé igún ń tán lọ, pé bí a kò bá mọ ibi tí wọ́n ń yé sí àti ohun tí wọ́n ń jẹ, a ò ní mọ ohun tó ń pa wọ́n. Mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, nítorí ó padà wá bá mi lánàá.

Àwọn alápatà ló sọ ọ́ ní Ìyá Igún. Inú bí mi nígbà náà, torí ọmọge tí kò tíì rọ́kọ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa pè ní ìyá ẹyẹ, kí àwọn ọkọ tó ń bọ̀ má baà gba ibòmíràn lọ. Nígbà tí ẹyin kan ṣoṣo tí igún yé sínú ìtẹ́ orí igi yẹn wá di ọmọ, wọ́n kọjú sí èmi náà, wọ́n ní Ìyá Àgbà Igún. Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, mo ń dáhùn, mo tún ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n kí ọmọ-ọmọ mi fún mi.

O gbé awò tí ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ tí o ń lọ, o na ìka sí mi bí ẹni pé èmi ni mo jẹ́ ọmọ. O ní, “Màámi, ojú nìkan o. Ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má súfèé sí i, ẹ má jẹ́ kó mojú èèyàn. Ẹyẹ tó bá mojú èèyàn, ọwọ́ èèyàn ló máa kú sí.” Èmi tí mo bọ́ ìdajì ọmọ àdúgbò yìí yó, èmi lo ń sọ fún pé kí n má fún ọmọ lóúnjẹ! Ṣùgbọ́n mo pa á mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, mo gbé àga sídìí fèrèsé tó kọjú sẹ́yìn ilé ìpẹran, mo ń ránṣọ, mo ń wòkè. Gbogbo aṣọ tí mo rán lásìkò yẹn ló wọ́ díẹ̀, àwọn oníbàárà mi sì ti ń sọ̀rọ̀.

Ó dàgbà, ọmọ mi. Ó dàgbà débi pé ìyẹ́ dúdú ti ń bo funfun ara rẹ̀, ó sì ti ń na apá létí ìtẹ́ bí ẹni tó ń wọn ẹ̀wù tuntun wò. Ìyá rẹ̀ ni èyí tí ìyẹ́ kan ti já lápá òsì. Bí ìyá náà bá ti bà, á tẹrí ba, ọmọ á ti ẹnu bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á sì máa gba ohun tó ti rọ̀ lọ́fun ìyá rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó mọ̀ tí oúnjẹ ń gbà dé. Bàbá rẹ tó ń bú apárí, òun ló ń kọ́kọ́ dé ìdí fèrèsé láàárọ̀. Á ní, “Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ sùn dáadáa?” Á wá yíjú sí mi pé ọmọ náà ti dá òun lóhùn.

Ìròyìn wá dé ilé ìpẹran pé àwọn tó fún ọ lówó ń rán ẹnì kan bọ̀ wá wo ìtẹ́ náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n á tún fún ọ ní òmíràn. O mọ bí ọ̀gá ilé ìpẹran ṣe rí. Òun tó fẹ́ gé igi yẹn lulẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí pé igún ń yàgbẹ́ sórí páànù rẹ̀, lẹ́yìn tí o bá a sọ̀rọ̀ tán, òun ló wá ń lé àwọn tó ń sọ òkò. Nígbà tó gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, ó dìde tọwọ́-tẹsẹ̀. Wọ́n fọ ilẹ̀ títí ó fi ń dán. Wọ́n kun ògiri ní ọ̀dà funfun. Ó gbé aṣọ funfun wá bá mi pé kí n rán ìborùn-ṣiṣẹ́ tuntun fún gbogbo alápatà, èyí tí wọ́n ń so mọ́yà, mo sì rán an, n kò gbowó iṣẹ́. Ó ní, “Ìyá àgbà, Ìyá Igún kò sí nílé, àwa la máa gbà á lálejò. Kò gbọdọ̀ tì í lójú.”

Ó wá ku àwọn ajá. O mọ àwọn ajá ìgboro tí kò ní olúwa, tí wọ́n máa ń jà sí ìfun lẹ́yìn ọgbà. Ó ní wọ́n á gbó mọ́ àlejò, wọ́n sì lè bù ú jẹ. Ó ra májèlé, ó pò ó mọ́ ìfun. Má tíì pariwo, ọmọ mi, gbọ́ mi tán. Ó ro ti igún mọ́ ọn. Ó dúró títí àwọn igún fi lọ sùn kí ó tó gbé e síta, òun fúnra rẹ̀ ló sì padà wá ṣa èyí tó ṣẹ́kù kí ilẹ̀ tó mọ́, ó gbẹ́lẹ̀, ó bò ó. Gbogbo rẹ̀ ló rò, àfi àwọn ajá tó ti jẹ ẹ́ tí wọ́n lọ kú sínú koríko gíga lẹ́yìn ọgbà, níbi tí kò sí ojú èèyàn tó rí wọn. Ojú igún rí wọn.

Àwọn àgbà ní oore ni igún ṣe tó fi pá lórí. Tèyí, kì í ṣe oore tí igún ṣe, oore tí wọ́n ṣe nítorí igún ni. Mo ti fẹ́ bú ọkùnrin yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a pẹ̀lú èébú lẹ́nu, mo bá a tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì tí wọ́n fọ̀, tó ń sọ pé, “Mo kàn fẹ́ kí ibẹ̀ mọ́ ni, Ìyá àgbà. Mo kàn fẹ́ kó mọ́ ni.” Mo jókòó tì í, mo sì ń bínú sí gbogbo ayé.

Bàbá ọmọ igún ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n bá a lẹ́bàá ọgbà, ó na apá sílẹ̀ bí agbòòrùn tó ṣubú. Àwọn igún mìíràn náà kú, n kò fẹ́ sọ iye wọn fún ọ nínú lẹ́tà. Èyí ìyá padà wá, mo rí i, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n orí igi kọ́ ló bà sí, orí táǹkì omi ni. Ó dúró síbẹ̀ láti àárọ̀, ó sọ orí kọ́, ìyẹ́ tó já lápá òsì ń mì nínú afẹ́fẹ́, ọmọ rẹ̀ sì ń na ọrùn sí i láti orí igi. Mo fi awò wò ó títí ojú mi fi ń ro mí. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ fò, ó bá yí ṣubú sẹ́yìn táǹkì. Ẹ̀rọ ìránṣọ ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, n kò mọ̀ pé mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, àṣé mo ti rán apá ẹ̀wù kan mọ́ àyà rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn. Dókítà ẹranko ní ìrìn-àjò lòun wà, pé ẹyẹ tó kù lórí igi kì í ṣe ohun tí èèyàn lè tọ́jú lórí fóònù. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹranko igbó ní orúkọ rẹ nìkan ló wà lórí ìwé àṣẹ, pé bí ẹlòmíràn bá gun igi yẹn, ẹ̀wọ̀n ni. Mo ní kí àwọn wá gùn ún nígbà náà. Wọ́n ní kí n kọ̀wé. Mo pe panápaná, wọ́n bi mí bóyá iná ń jó igi náà ni. Mo ní rárá. Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní kí n má bínú, pé àwọn kì í gbé àkàbà jáde nítorí ẹyẹ. Kò fi ohùn líle sọ ọ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fi ohùn líle bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló mú mi sunkún, torí n kò rí ẹni bá jà.

Nígbà náà ni mo rú òfin rẹ. Mo ń sọ ọ́ fún ọ láìfi bò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mélòó ló wà ní ọjà yìí, orí ọmọ sì ń wọ́ lójú wa? Bàbá rẹ àti ọ̀gá ilé ìpẹran so ẹran tó mọ́, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, mọ́ orí ọ̀pá gígùn tí àwọn akunlé gbàgbé síbẹ̀, wọ́n gun orí páànù, wọ́n nà án sókè. Èmi wà lójú fèrèsé, mo ń fi awò wò, mo ń pariwo pé ọ̀tún, òsì, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Orúnkún bàbá rẹ ń gbọ̀n lórí páànù yẹn, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹran bọ́ sínú ìtẹ́. Ọmọ náà sá fún ọ̀pá, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ki orí bọ abẹ́ apá. Kò fẹ́ mojú wa. Ohun tí o fẹ́ kó ṣe gẹ́lẹ́ ló ṣe, ọmọ mi, ó bẹ̀rù èèyàn.

A ti rò pé bí a bá kúrò níbẹ̀, á jẹ ẹ́. A kúrò. Ẹran wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò mọ̀ pé oúnjẹ ni. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló mọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ lóúnjẹ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tan ọmọ tó kọ oúnjẹ, mo ṣe é fún ọ títí ìwọ tó rù nígbà náà fi sanra. N kò mọ èyí.

Àlejò rẹ dé lánàá. Àwọn alápatà tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun tí mo rán, ilẹ̀ mọ́, ògiri funfun, kò sí ajá kankan. Ọmọbìnrin bí ìwọ ni, bàtà rẹ̀ dọ̀tí bíi tìrẹ. Ọ̀gá ilé ìpẹran fẹ́ kí i káàbọ̀, omi ló jáde lójú rẹ̀. Mo mú obìnrin náà wá sídìí fèrèsé mi, mo gbé awò fún un, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí. Ó pe àwọn tó rán an níṣẹ́, ó bẹ̀bẹ̀ títí. Nígbà tó sọ fóònù kalẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Owó wíwò la ní. A kò ní owó gbígbà là.”

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbé mì. Ó ní iṣẹ́ rẹ dára, pé o fẹ́ mọ ohun tó ń pa igún, o sì ti mọ̀ ọ́n báyìí, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún ọ ní owó tó ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fi tù mí nínú ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ fún un pé kí ó kó owó náà lọ fún ọmọ igún kó fi jẹun. Mo fún un ní omi tútù, ó mu, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Mo wà nídìí fèrèsé náà báyìí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì ń rí i dáadáa. Ó dúró létí ìtẹ́, ó kọjú sí táǹkì omi. Nígbà míì á ya ẹnu, á tẹrí ba bí ó ti máa ń ṣe bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ bà, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ kò wá kí ọ̀gá rẹ̀ orí igi láàárọ̀ yìí. Ó ní orúnkún ń dun òun, ó sì yíjú sí ògiri. Mo ṣe ohun tí o ní kí n ṣe, mo fi ojú ṣọ́ ọ. Kò sí ohun tí ojú mi lè mú kúrò níbẹ̀, kò sí ohun tó lè gbé débẹ̀.

Nígbà tí o bá dé, má bá ọ̀gá ilé ìpẹran jà. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́, mo sì ṣèlérí fún un. Bí inú bá ń bí ọ, èmi ni kí o pariwo mọ́, mo ti gbó tó ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́. Aṣọ funfun yẹn, wọ́n ti bọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n ká a jọ, wọ́n kó o padà wá fún mi. N kò mọ ohun tí n ó fi ṣe.

Ó wá ku ìre. Láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré, o mọ àdúrà tí mo fi máa ń tì ọ́ lẹ́yìn bí o bá ń jáde nílé, èyí tí ìyá mi náà gbà fún mi, pé igún kì í kú léwe. Mo ti gbé bírò síbi rẹ̀, ọwọ́ mi kò kọ ọ́. Jẹ́ kí n wá òmíràn. Ọlọ́run tó dá ọ kò ní gbàgbé ibi tó fi ọ́ sí. Ẹni tí yóò bọ́ ọ nígbà tí n kò bá sí níbẹ̀ kò ní ṣìnà. Iṣẹ́ tí o fẹ́ràn kò ní fi ìbànújẹ́ nìkan san án fún ọ. Wàá pẹ́, wàá gbó, orí rẹ á funfun, bí ó bá sì wu Ọlọ́run kó pá, kó pá.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Ìyá Àgbà Igún.

Mo tún rántí: Ilẹ̀ ti ń mọ́, dírẹ́bà ti dé ìsàlẹ̀, ó ń fọn fèrè. Mo kọ ọ́ sókè yìí pé kí o bá ọkọ̀ yìí kan náà padà, kí o máa sáré bọ̀. Má sáré mọ́, ọmọ mi. Kò sí ẹni tó dúró létí ìtẹ́ mọ́. Parí ẹ̀kọ́ rẹ. Òjò rọ̀, ọ̀nà òkè yẹn á máa yọ̀.